Táìlì Tí Kò Dún

Ko. Ko. Ko. Ko.

Elétí-Ehoro ń rìn lórí ilẹ̀ gáréèjì náà, ó ń fi gìgísẹ̀ kan táìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń dáhùn bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí lu ìdérí ìkòkò. Ó gbé ẹsẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan sí i, ilẹ̀ dákẹ́. Ó dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó tún un tẹ̀. Táìlì náà kò fọhùn.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yìí, tí àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní Elétí-Ehoro nítorí pé ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́ ló máa ń gbọ́, kì í sọ ohun tó bá rí fún àwọn tí kò níyì lójú rẹ̀. Àwọn tó sì níyì lójú rẹ̀ kò pọ̀ rárá.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ fúnra yín?" Baálé ilé wí láti ẹnu ọ̀nà, ó ti ikùn síwájú. "Eku ò lè gba ibí kọjá kí n má gbọ́. Ilẹ̀ yìí ni ajá mi. Kì í jẹun, kì í ṣàìsàn."

Alága ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rántí ẹgbẹ́ tó ṣe alága fún. Ilẹ̀ tó fi ń yangàn náà kò ju táìlì oníke lọ, pupa kan, dúdú kan, irú èyí tí wọ́n ń ki eyín ọ̀kan bọ ihò èkejì láìlo sìmẹ́ńtì. Inú wọn ṣófo lábẹ́, ibi tí wọ́n sì tẹ́ wọn sí rí gbágungbàgun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pariwo. Aláìní-làákàyè nìkan ló lè pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ajá, Elétí-Ehoro ronú, ṣùgbọ́n ó kàn mi orí ni.

Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí Alága ń sùn nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí gáréèjì, góòlù ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé pòórá nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó wà ní kọ̀rọ̀. Sátidé tó ń bọ̀ ló fẹ́ fi í sí ọrùn ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń lọ sílé ọkọ. Orí ìṣó ní pálọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù máa ń wà, níbi tí gbogbo ará ilé ti lè mú un, nítorí Alága gbà pé ilẹ̀ òun ló ń ṣọ́ ẹrù, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́.

Olè náà sì ti wà lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí Alága ṣe wí. Dẹ́rẹ́bà ni. Ó jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú dé, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti wà ní ẹnu géètì láti àárọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bí wọ́n bá fi lè gbé ọkùnrin yìí dé tésàn lónìí, kóòtù ló kàn, kò sì ní sẹ́ni tó máa tún fi mọ́tò lé e lọ́wọ́ láyé. Gbogbo ará ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí lẹ gbọ́ gan-an?" Elétí-Ehoro bi Alága.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀. Ko, ko, ko, ó wọlé. Ko, ko, ko, ó jáde."

"Ẹ rí i?"

"Kí ni mo fẹ́ rí? Mo dijú."

"Ẹ gbọ́ ìgbà tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù?"

"Kọ́bọ́ọ̀dù kì í dún. Èmi fúnra mi ni mo fi epo sí i."

"Kò sí ìró mìíràn?"

Alága yọ ṣùtì. "Kò sí. Àfi ẹyọ kan lẹ́yìn tó ti jáde. Ko, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bóyá ó gbé korobá kalẹ̀ ni."

"Lẹ́yìn tó ti jáde."

"Ṣé ẹ fẹ́ máa fa ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ á fi ṣú ni?"

Elétí-Ehoro wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ọkùnrin yìí ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́mọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ nítorí ohun tó gbọ́ lójú oorun, ìyẹn kò sì dí i lọ́wọ́ kó jẹun òwúrọ̀ yó. Ìyókù ẹyin tó jẹ ṣì wà ní kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Elétí-Ehoro kẹ́yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú dẹ́rẹ́bà.

"Kí lo wá ṣe níbí lánàá?"

"Korobá ni mo wá mú, Mà. Mo fẹ́ fọ mọ́tò."

"O mọ̀ pé ọ̀gá ẹ ń sùn. Kí ló dé tí o ò rọra rìn?"

Dẹ́rẹ́bà gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ta ló lè rọra rìn lórí nǹkan yìí, Mà?"

Ìdáhùn gidi àkọ́kọ́ tó gbọ́ nínú ilé náà nìyẹn.

Ní pálọ̀, ìyàwó Alága fi gèlè di orí rẹ̀ pinpin, ó na ẹsẹ̀ sórí àga. Àbúrò Alága jókòó ní ìkángun kejì, ó ń mu tíì, kò sì dìde nígbà tí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wọlé. Ẹnjiníà ni wọ́n ń pe òun. Ọdọọdún ló ń sọ pé òun á kó lọ sí ilé tòun, ọdọọdún ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń bọ́ ọ.

"Ariwo ilẹ̀ gáréèjì yẹn ló ń pa mí," ìyàwó Alága wí kí wọ́n tó bi í. "Bí wọ́n bá gbé mọ́tò wọlé báyìí, á dà bíi pé wọ́n ń da irin sílẹ̀ nínú orí mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá nǹkan ṣe sí i. Ó ní àfi tí òun bá kú."

"Lánàá ńkọ́, lẹ́yìn oúnjẹ?"

"Mo wà ní yàrá mi. Orí ń fọ́ mi."

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

"Mo wà ní ìta iwájú, mò ń ka ìwé ìròyìn." Ẹnjiníà gbé ife tíì kalẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni mo tẹ́ ilẹ̀ yẹn? Ariwo tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yìí, iṣẹ́ kékeré ni. Rọ́bà pẹlẹbẹ lèèyàn máa tẹ́ sábẹ́ ẹ̀ káàkiri, ó tán. Kì í ṣe fóòmù o. Tí ẹ bá lo fóòmù, á tẹ̀ wọnú, eyín táìlì á kán. Rọ́bà ni. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òun ò fẹ́."

"Inú mi dùn pé kò gbà," ìyàwó Alága wí. "Ọkọ mi kékeré yìí, kò sí ohun tó bẹ̀rẹ̀ tó parí rí. Ẹ wo ògiri yẹn."

Elétí-Ehoro wò ó. Wọ́n ti kun ògiri náà ní ọ̀dà tuntun dé ibi tí ọwọ́ èèyàn lè nà dé. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ọ̀dà àtijọ́ ni. Ilẹ̀kùn tó gbà wọlé kò ní ọwọ́, okùn ni wọ́n so mọ́ ọn.

"Mò ń bọ̀ wá parí ẹ̀," Ẹnjiníà wí.

"Láti ìgbà wo?" Elétí-Ehoro bi í.

Kó tó dáhùn, Sájẹ́ǹtì tó bá Elétí-Ehoro wá síbi iṣẹ́ já wọlé, ojú rẹ̀ ń dán. Ọkùnrin yìí máa ń gba ìdáhùn àkọ́kọ́ tó bá bá pàdé, á sì fẹ́ ẹ níyàwó. Ó gbé rọ́bà dúdú fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ́wọ́, irú èyí tó máa ń wà nínú búùtù mọ́tò. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé e káàkiri, gbogbo ihò ibẹ̀ ló sì rí bákan náà, igun mẹ́rin, ìwọ̀n táìlì gẹ́ẹ́.

"Yàrá dẹ́rẹ́bà ni mo ti rí i, Mà. Lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀."

Alága ti tẹ̀ lé e wọlé. "Rọ́bà búùtù mọ́tò mi àtijọ́ nìyẹn. Ẹ ò rí i? Mo sọ fún yín. Ẹ gbé olè lọ."

Nígbà tí wọ́n bi dẹ́rẹ́bà, ó ní orí ààtàn ẹ̀yìn ilé lòun ti rí rọ́bà náà, òun sì fi ń nu ẹsẹ̀ ni. Alága rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ǹtì náà bá a rẹ́rìn-ín, torí pé olówó ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fún mi ní ṣọ́ọ̀kì," Elétí-Ehoro wí. "Kí gbogbo yín sì dúró sí pálọ̀. Sájẹ́ǹtì, ìwọ tẹ̀ lé mi."

Nínú gáréèjì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan táìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún, ó fi í sílẹ̀. Èyí tí kò bá dún, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ó fi ọ̀bẹ hú ọ̀kan nínú àwọn tí kò dún. Rọ́bà dúdú tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, tinrin, débi pé ẹsẹ̀ kò lè mọ̀ pé ó ga ju àwọn yòókù lọ.

"Ó parí, Mà," Sájẹ́ǹtì wí. "Ó gé rọ́bà, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀, ó wá yọ́ wọlé. Ọgbọ́n ẹ̀ pọ̀ o."

"Ẹni tó ní ọgbọ́n tó bẹ́ẹ̀ ló tún wá rìn ko-ko-ko lọ mú korobá, kí ọ̀gá ẹ̀ lè gbọ́?"

Sájẹ́ǹtì tún wo rọ́bà abẹ́ táìlì náà.

"Alága gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan, ó sì mú ẹni tó gbọ́. Ẹni tí kò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ló yẹ kó máa wá kiri. Ìwọ wo àwọn àmì yìí, kí o sọ bí ọ̀nà náà ṣe lọ."

Sájẹ́ǹtì wò ó. Láti ẹnu ilẹ̀kùn tó wá láti inú ilé, àwọn àmì funfun náà lọ síwájú díẹ̀, wọ́n wá yà sí apá òsì, wọ́n tọ ìdí ògiri lọ, wọ́n tún yà padà wá sí ibi kọ́bọ́ọ̀dù. Àárín gáréèjì ṣófo gbalasa. Kò sí àmì kankan níbẹ̀.

"Ó yípo," ó wí. "Kí ló yípo?"

"Ìyẹn gan-an ni. Lọ mú dẹ́rẹ́bà wá."

Nígbà tí dẹ́rẹ́bà dé, Elétí-Ehoro bi í léèrè. "Lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ wọ ibí, kí lo bá níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan, Mà. Korobá àti kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Mọ́tò àtijọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n ní wọ́n ti fà á lọ ní ọjọ́ Àìkú. Mi ò rí i rí."

Elétí-Ehoro yíjú sí Sájẹ́ǹtì. Ó rọra sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, èyí tí Sájẹ́ǹtì kò fẹ́ràn. "Mọ́tò tó ti kú ló wà láàárín ibí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó tẹ́ rọ́bà yìí, ìgbà tí mọ́tò náà ṣì wà níbí ló tẹ́ ẹ, ìyẹn ló ṣe yípo. Ọkùnrin yìí kò tíì mọ ojúlé wọn nígbà yẹn. Ta ló ń yí mọ́tò tí kò rí rí ká?"

"Ìyàwó Alága nìyẹn," Sájẹ́ǹtì wí lójú ẹsẹ̀. "Òun ni ariwo ń dà láàmú."

"O tún ti fẹ́ ìyàwó míì." Ó tẹ táìlì tó wà níwájú kọ́bọ́ọ̀dù gan-an, ibi tí èèyàn máa dúró sí kó tó ṣí i. Ko. "Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n tẹ́ rọ́bà sí, àfi ibí. Ìró ẹ̀ẹ̀kan péré tí Alága gbọ́ nìyí. Ṣé rọ́bà ló tán ni?"

Sájẹ́ǹtì wo rọ́bà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì kù tó bí ìdajì.

"Kò tán."

"Kò tán. Ó kàn sú u ni. Ta ni iṣẹ́ máa ń sú nínú ilé yìí tó bá ku díẹ̀ kó parí?"

Ojú Sájẹ́ǹtì là. Ó wẹ̀yìn wo ọ̀nà pálọ̀, níbi tí ògiri tí wọ́n kun dé ìdajì yẹn wà.

Góòlù kò lè jìnnà. Wọ́n ti tú gbogbo yàrá lánàá, Ẹnjiníà kò sì jáde nílé láti ìgbà náà. Elétí-Ehoro fi ọ̀bẹ ṣí àwọn táìlì ìdí ògiri níkọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ ọ̀kan, nínú ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀, àkísà funfun kan wà tí wọ́n ká pẹlẹbẹ, góòlù sì wà nínú rẹ̀. Sájẹ́ǹtì na ọwọ́.

"Fi í sílẹ̀. Tá a bá gbé e jáde báyìí, Alága á ní dẹ́rẹ́bà ló fi í pamọ́ síbẹ̀. Kó rọ́bà inú ilẹ̀ kúrò ni. Gbogbo ẹ̀. Dá táìlì padà, kí o sì nu ṣọ́ọ̀kì nù."

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Elétí-Ehoro dúró láàárín pálọ̀, ó ní iṣẹ́ òun ti parí. Wọ́n ti fi dẹ́rẹ́bà sínú mọ́tò ọlọ́pàá níta, gbogbo ojú ló rí i. Ó ní góòlù á jáde nígbà tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ wá dẹ́rẹ́bà lẹ́nu wò ní tésàn.

"Ohun kan ló kù," ó wí. "Alága ti gbà pé kí wọ́n ká ilẹ̀ gáréèjì kúrò. Àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Wọ́n á tẹ́ rọ́bà sábẹ́ gbogbo ẹ̀."

Ìyàwó Alága tú gèlè orí rẹ̀. "Ẹ ṣé o. Ọlọ́run gbọ́ mi."

"Kí lẹ fẹ́ gba òṣìṣẹ́ sí?" Ẹnjiníà wí. Ó ti gbé ife kalẹ̀ kó tó mọ̀. "Èmi nìyí. Màá ká a fúnra mi."

"Ìwọ?" Alága wí. "Ọwọ́ ilẹ̀kùn tó o ní o fẹ́ fi sí i dà?"

Ẹnjiníà tún mú ife rẹ̀. Alága ní òun fẹ́ lọ sùn díẹ̀, ó sì gba yàrá rẹ̀ lọ bí ìṣe rẹ̀.

Nínú yàrá náà, ó bá Elétí-Ehoro àti Sájẹ́ǹtì lẹ́yìn kọ́tìnì, wọ́n ti dágbére fún ará ilé, wọ́n sì gba ẹ̀yìn wọlé padà. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ti sọ fún un ṣáájú pé kó dùbúlẹ̀, kó dijú, kó sì pa ẹnu mọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló nira fún un jù. Wọ́n dúró. Ilé parọ́rọ́. Ilẹ̀kùn gáréèjì ṣí pẹ̀lẹ́.

Ko.

Alága fẹ́ sọ̀rọ̀. Elétí-Ehoro fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Wọ́n yọjú láti ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì. Ẹnjiníà ni. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ń wo táìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ èyí tó tẹ̀ lé e. Ko. Ó dúró bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dalẹ̀. Ó fetí sí fèrèsé, kò gbọ́ nǹkan kan, ó ṣọkàn akin, ó sì ń lọ.

Kò gba àárín tó ṣófo. Ó yà sí apá òsì, ó tọ ìdí ògiri, ó yípo mọ́tò tí kò sí níbẹ̀ mọ́, gbogbo táìlì tó ń tẹ̀ sì ń sọ fún ayé pé ó ti débi báyìí. Òógùn bò ó. Ó kúnlẹ̀, ó hú táìlì, ó fa àkísà funfun yọ.

"Ẹ má dúró lábọ̀, Ẹnjiníà," Elétí-Ehoro wí láti ojú fèrèsé. "Ẹ tú u, ká rí i."

Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ségi. Nígbà tí wọ́n fi máa dé gáréèjì, ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, góòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàwó Alága sì ti sáré dé ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá wa ló ni ín," Ẹnjiníà wí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò. "Ìyá àwa méjèèjì. Ẹ gbé gbogbo ẹ̀ fún ọmọ yín. Ẹ bi mí?"

Alága na ọwọ́ sí góòlù náà.

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nìyẹn," Elétí-Ehoro wí. "Dẹ́rẹ́bà ńkọ́? Ẹ̀ ń mu tíì, ẹ̀ ń wò ó, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀."

Ẹnjiníà gbọn èjìká. "Ìyẹn? Á ríṣẹ́ sí ibòmíì."

Elétí-Ehoro ti mú àwọn olè tó fi ìbọn jalè, kò kórìíra wọn tó bó ṣe kórìíra ọkùnrin oníbọ̀sẹ̀ yìí. Ó ní kí Sájẹ́ǹtì lọ mú dẹ́rẹ́bà wọlé, kó sì wá tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ rẹ̀ níbí, lójú gbogbo wọn, kó fi sí ọwọ́ tó yẹ ẹ́.

Alága gba góòlù, ó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ó nu ojú rẹ̀. "Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ti parí. Dẹ́rẹ́bà, lọ ṣáná sí mọ́tò, mo fẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn àna mi."

Dẹ́rẹ́bà wo Elétí-Ehoro.

"Ẹ ò ní bẹ̀ ẹ́?" Elétí-Ehoro bi í.

"Ṣebí mo ní ó ti parí."

Dẹ́rẹ́bà ń fi ọwọ́ kan ra ọrùn ọwọ́ kejì, níbi tí irin ti jẹ ẹ́. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò jáde, ó gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wá gba àárín gáréèjì kọjá, tààrà, ó ń fi gbogbo ara tẹ ilẹ̀. Ko. Ko. Ko. Ko. Ìyàwó Alága fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, ṣùgbọ́n kò ní kó rọra rìn. Ní ẹnu géètì, ìyàwó dẹ́rẹ́bà ti dìde dúró.

Alága dúró síbẹ̀ pẹ̀lú góòlù lọ́wọ́, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ náà títí tó fi jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ ẹni tó ń rìn.